Bí Mo Ṣe Fi Ọṣẹ Fọ Ògiri Inú Ewé

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ikọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọdẹ Àgó-Ewétútù, ẹni tó jẹ́ pé bí àbo ẹfọ̀n bá gbúròó rẹ̀ lásán, wàrà á gbẹ lọ́mú rẹ̀. Ẹ má wo ẹsẹ̀ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ń wò ó. Ó tẹ̀ ní orúnkún méjèèjì bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ jókòó tó tún yí ọkàn padà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rọra rín in, nítorí kí n tó parí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó máa bẹ Ọlọ́run fún irú orúnkún yìí.

Lọ́dún tí ọyẹ́ mú débi pé àwọn ewúrẹ́ ń sùn nínú ààrò, igi ọ̀dán àárín abúlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ewé rẹ̀ kò rọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbẹ. Ó kàn ń funfun ni, bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò fi nǹkan pa lára nínú ọyẹ́. Gbogbo abúlé ló káàánú igi náà. Èmi kò káàánú rẹ̀ rárá, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jáde síta tí mo bá ìyá ìyàwó mi lórí fàráńdà mi, tó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Àwẹ̀ró ni mo ń wí. Onídìrí ni. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jókòó sábẹ́ ọ̀dán náà tó ń di irun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kí lẹ ń wọ̀n?"

"Ibi tí àpótí mi yóò wà ni. Igi yẹn ń kú lọ, àna mi. Bí ewé rẹ̀ bá tán, oòrùn kò ní jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ mọ́. Fàráńdà yìí ni n ó ti máa dìrí."

"Fàráńdà tèmi?"

"Ta ló tún ní fàráńdà tó fẹ̀ tó báyìí? Má fòyà. Oníbàárà mi kì í pọ̀. Mẹ́rìnlá péré ni lójúmọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ìyàwó, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Nígbà tí obìnrin yìí bá ń dìrí, ó máa ń sọ̀rọ̀. Orí tó bá sì wà láàárín orúnkún rẹ̀ kò ríbi sá lọ, ó ní láti gbọ́ ọ ni. Bí mo ṣe ń hanrun, bí mo ṣe sá fún ìyá adìyẹ lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ni orí mẹ́rìnlá yóò gbé lọ sí ilé mẹ́rìnlá lójúmọ́. Mo dìde wúyá. Mo ní, "Màmá, ẹ fún mi ní ọjọ́ méje. Bí ewé ọ̀dán yẹn kò bá tutù padà, fàráńdà di tiyín. Bó bá tutù, kí àpótí yín wà níbi tó wà." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kò burú. Ó wá nawọ́ kèrègbè kékeré kan sí mi. "Àdín ni. Fi pa orúnkún rẹ tó dà bí ìgbọ̀nwọ́ yẹn, kí ọyẹ́ má bàa là á."

Ẹ gbọ́, ọdẹ gidi kì í gbé òórùn wọ igbó. Bí mo bá ń lọ, ọṣẹ dúdú ni mo fi ń fọ ara mi, n ó fọ ìbọn, n ó fọ àpò, títí ẹran kò fi ní mọ̀ bóyá ènìyàn ló ń bọ̀ tàbí òkúta. Ọṣẹ yẹn kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Òórùn àdín ńkọ́? Ọ̀yà tó wà ní abúlé kejì yóò ti gbọ́ ọ, yóò sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló bí yín dáa tí ẹ óò kọ ẹ̀bùn ìyá ìyàwó lójú rẹ̀? Mo gbà á, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpò, mo gbé ọṣẹ lé e lórí, mo lọ.

N kò ní sọ ohun tí mo jẹ lọ́nà, kì í ṣe ìtàn oúnjẹ la wá ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta mo dé ìdí àgbà ọ̀dán tó wà nínú Igbó Àìwojú, èyí tí àwọn baba ńlá wa gé ẹ̀ka rẹ̀ wá gbìn sí abúlé. Òun náà ti funfun. Mo fa ewé kan wálẹ̀, mo yí i padà, mo sì rí i pé abẹ́ rẹ̀ kún fún ẹnu kéékèèké. Lẹ́nu kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin méjì tó rí bí ẹ̀wà ni wọ́n dojú kọ ara wọn, tí wọ́n fi ikùn ti ikùn dí ojú ọ̀nà. Ìbejì kan nínú wọn ké mọ́ mi.

"Ta nìyẹn tó ń mí sí wa lára?"

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́gbàmí ni, tí mo fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n mẹ́ta! Ẹ ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ wọlé wo ohun tó ń ṣe ewé yìí."

Wọ́n wo ara wọn. Ìkíní ní, "O tóbi jù." Ìkejì ní, "Irọ́ ló wú u. Ọdẹ, gbà pé irọ́ ni o pa, kí o wò ó."

Mo kọ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé nígbà náà. Mo rántí fàráńdà. Mo rántí orí mẹ́rìnlá. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, mo rí i pé ẹnì kankan kò sí nítòsí, ni mo bá ní, "Ó dáa, ẹfọ̀n kan ni." Lójú ẹsẹ̀, fìrì, mo dín kù! Fìlà mi bo ojú mi. "Ó dáa, ẹfọ̀n náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀." Mo di gíga ewúrẹ́. "Ó dáa, mo bá a nílẹ̀ tó ti kú ni." Mo di alángbá. Gbogbo ohun tó wà lára mi ń bá mi dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn mi, ìbọn mi dà bí abẹ́rẹ́. Mo sọ ti ẹkùn tó jẹ́ ológbò. Mo sọ ti erè tó jẹ́ okùn. Nígbà tí mo fi dórí ọ̀rọ̀ ìyá adìyẹ, mo ti kéré ju iná orí lọ, mo dúró sórí ewé náà, ó lọ súà bí oko àjọro.

"A ti gbà ọ́," ni àwọn ìbejì wí, "ṣùgbọ́n òùngbẹ ń gbẹ wá. Bí a kò bá mu omi, a kì í lè ṣí." Mo da omi inú agbè mi sí wọn lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń mu ni wọ́n ń wú, bí wọ́n ṣe ń wú ni ẹ̀yìn wọn ń tẹ̀, títí ikùn wọn fi kúrò lára ara wọn tí ojú ọ̀nà là. Mo bẹ́ wọlé.

Háà! Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ rò pé ewé ni ewé. Ìlú ni! Pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ ni ilé wọn, bí ìgbà tí wọ́n to ẹ̀kọ sínú agbọ̀n, gbogbo rẹ̀ àwọ̀ ewéko, omi yí wọn ká. Ògiri ilé wọn kì í ṣe amọ̀, kì í ṣe bíríkì. Epo ni! Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé epo náà, ènìyàn ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orí kan tó jẹ́ ṣúgà àti ẹsẹ̀ gígùn méjì tó jẹ́ epo. Orí wọn fẹ́ràn omi, ẹsẹ̀ wọn kórìíra rẹ̀, nítorí náà wọ́n dúró ní ìlà méjì tí wọ́n na ẹsẹ̀ sí ara wọn ní inú, tí wọ́n yọ orí síta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ahọ́n lá orí ọ̀kan, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

"Ta ló ń lá mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àlejò ni mí."

"Ṣé bí àlejò ṣe ń kí ènìyàn nílùú yín nìyẹn?"

Ó fẹ́ yí orí padà kó wò mí dáadáa, kò lè yí i. Gbogbo wọn ló dì gan-an. Wọ́n na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, wọ́n fún pọ̀ bí ọwọ̀ tuntun, eyín wọn ń lu ara wọn nítorí ọyẹ́. Láàárín wọn ni mo ti rí ọkùnrin aláwọ̀-ewé kan tó sanra, tó ta àwọ̀n lé orí, tí epo sì dì mọ́ ọn títí dé àyà. Mo bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ ni mí. Ọdẹ oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń dẹ." Ẹ̀yin ará, inú mi dùn! Mo kí i bí ọdẹ ṣe ń kí ọdẹ, mo bi í bóyá igbó ṣe é lóore. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹran ń bọ́ sáwọ̀n, arákùnrin mi. Gbígbé e lọ ni ìṣòro. Inú epo yìí ni àwọn agbẹ́rù wa máa ń lúwẹ̀ẹ́ láti ọ̀dọ̀ mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Báyìí epo ti dì. Wò mí bí mo ṣe wà bí ẹran inú ọbẹ̀ àná. Ìmọ́lẹ̀ tí mo mú sì ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó ń jó mi, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọ̀ mi máa ṣí."

Ó fi ojú júwe ẹ̀rọ kan fún mi nínú ògiri, tó dà bí ẹ̀rọ ìlọta, tó ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kú… kú… kú. Ó ní lẹ́yìn ògiri, inú ilé lọ́hùn-ún, èrò kún fọ́fọ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà jáde ni ti ẹ̀rọ yẹn. Bí wọ́n bá ti ń ti ara wọn jáde ni wọ́n ń yí i, bó bá sì ti ń yí ni igi ń rí agbára se oúnjẹ jẹ. "Ògiri yìí ni gbogbo ẹ̀mí wa," ni ó wí. "Bó bá lu, a parí."

Mo gbọ́ ọ. Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ mi, epo ti yí i títí dé kókósẹ̀, imú ọdẹ mi sì ń sọ fún mi pé òórùn ti bà mí jẹ́. Ọwọ́ mi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Ó lọ sínú àpò fúnra rẹ̀, ó mú ọṣẹ dúdú, ó bu omi, mo ti gbé ẹsẹ̀ lé ògiri, mo ń fọ̀ ọ́ wọ̀ṣọ̀wọ̀ṣọ̀, mo tún ń kọrin. Ìfófòó ṣàn sára ògiri. Ọ̀kan nínú àwọn olórí-ṣúgà kígbe, "Ẹ wá wò ó o! Àwọn ará ọṣẹ dé, ẹsẹ̀ wọn jọ tiwa!" Ni wọ́n bá fi ìlà sílẹ̀, tí wọ́n ń rọ́ lọ dì mọ́ ọṣẹ, mẹ́wàá mẹ́wàá, ogún ogún, wọ́n ṣù pọ̀ roboto, wọ́n ń yí lọ nínú omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti kúrò di ihò. Èrò inú ilé rí ihò. Ta ni yóò ti ẹ̀rọ mọ́ nígbà tí ihò wà? Wọ́n ya jáde wàà. Ẹ̀rọ ní kú… kú… ó dákẹ́.

Gbogbo orí wò mí. Èmi náà wo ọṣẹ bí ẹni pé n kò rí i rí.

Wọ́n wọ́ mi dé iwájú ìyá àgbà kan tí ṣúgà orí rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan gun orí èkejì bí ẹni ru ẹrù. Olóríméjì ni orúkọ rẹ̀, òun ni gbogbo ògiri ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ní, "Ẹni tó ba ògiri jẹ́, òun ni yóò di ògiri." Kí n tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti balẹ̀ sí orúnkún mi. Ó pariwo. "Ẹ wo orúnkún! Ẹ wá wo orúnkún!" Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ ń gbọ́? Ìlú odidi ń yọ orí láti wo orúnkún mi! Obìnrin kan ní òun kò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ara mi wú. Mo tilẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n lè rí èkejì.

"Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé," ni Olóríméjì wí, "irú rẹ la ń wá. Ẹsẹ̀ tiwa gún jù. Ẹsẹ̀ gígún máa ń fún pọ̀ mọ́ ara wọn ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń dì. Bí ẹlẹ́sẹ̀ títẹ̀ bá dúró láàárín wa, àyè yóò wà, epo yóò sì rọ̀. Ẹ gbé e sínú ihò yẹn. Ibẹ̀ ni yóò máa wà títí igi yóò fi wọ́wé."

Wọ́n tì mí wọlé. Ògiri mú mi ní ìbàdí, ó mú mi ní àyà. Mo kígbe pé, "Ẹ dúró! Orúnkún méjì kò lè tó ìlú! Mo ní epo kan nínú àpò, odidi kèrègbè!" Wọ́n yọ kèrègbè, wọ́n ṣí i. Ọyẹ́ yìí náà ló mú un láti ilé dé ibẹ̀, síbẹ̀ àdín náà ń ṣàn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí omi. Ẹnu ya gbogbo wọn.

Olóríméjì ní, "Àdín kì í dì bí òkúta nínú ọyẹ́ ni bí?"

"Ó máa ń dì, Màmá."

"Kí ló dé tí èyí kò dì? A kì í gba àlejò tí a kò mọ ìdílé wọn sínú ògiri. Sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, n ó dá ọ sílẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, dúró síbẹ̀."

Ẹ mọ̀ mí. Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ. Mo ní, "Agbára ọwọ́ mi ni! Èmi ni mo mí sí i tó fi…" N kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo wú! Egungun ìhà mi dún pàpà, ògiri fún mi lọ́rùn, ewé lókè orí mi fẹ́ ya. Mo rí ikú, ó jókòó sórí àpótí onídìrí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun kan. Lọ́jọ́ kan mo yọjú lórí ọgbà, mo rí Ìyá Àwẹ̀ró tó ń da òróró ẹ̀pà sínú àdín rẹ̀, tó ń rò ó. Mo lọ sọ fún ìyàwó mi pé ìyá rẹ̀ ń rẹ́ àwọn oníbàárà jẹ. Mo ti sọ ọ́ káàkiri. Ojú tì mí báyìí. Mo ní, "Òróró ẹ̀pà ló fi là á. Òróró kì í dì, kì í sì í jẹ́ kí àdín dì. Kì í ṣe ọgbọ́n mi. Ọgbọ́n ìyá ìyàwó mi ni. Òun ló mọ̀ ọ́n, èmi sì ni mo bà á lórúkọ jẹ́."

Ẹ̀yin ènìyàn, òtítọ́ yẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kéré lẹ́ẹ̀kan náà bíi hóró iyọ̀! Mo yọ̀ jáde nínú ògiri, pọ́ọ́, bí kóró ọsàn láàárín ìka.

Wọ́n da kèrègbè sílẹ̀. Àwọn ará àdín jáde ní ẹsẹ̀ gígún, wọ́n dúró wámúwámú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará òróró ẹ̀pà, orúnkún wọn tẹ̀ bí tèmi gẹ́lẹ́, wọ́n ń jó wọlé, wọ́n ń kí onílé, "Ẹ kú ọyẹ́ o! Ẹ sún díẹ̀! Ẹ tẹ orúnkún báyìí!" Àwọn olórí-ṣúgà wò wọ́n, wọ́n gbìyànjú, ọ̀kan tẹ̀, èkejì tẹ̀. Ẹni tí mo lá lórí ní, "Yéè, mo lè yí ọrùn mi!" Epo rọ̀. Ihò náà pa ara rẹ̀ dé bí epo orí ọbẹ̀ ṣe máa ń padé lẹ́yìn ṣíbí. Èrò kò ríbi gbà jáde mọ́ àfi ẹ̀rọ. Kú… kú-kú… kukukukuku! Ọdẹ oòrùn yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fò sókè. Àwọ̀ ewé sì ń padà bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí aṣọ tí wọ́n rì sínú aró.

Olóríméjì gbé ọmọbìnrin òróró kan lé mi létí. "Epo ilé wa tó wa," ni ó wí. "Ẹni tí yóò kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ orúnkún ni a kò ní. Gbé èyí sí ẹnu ewé kan nílé yín, yóò kọ́ wọn. Kí o sì fi ọṣẹ rẹ sílẹ̀ síbí, kí a lè sin ín."

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Òùngbẹ tún ti ń gbẹ àwọn ìbejì, wọ́n ń rọ̀ mọ́ ara wọn, ọ̀nà ń pa dé. N kò ní ẹ̀kán omi kan. Mo rò ó pé Màmá ti lè máa to òòyà sórí fàráńdà mi, ni mo bá bú sẹ́kún. Omijé gidi! Wọ́n lá a. "Ó níyọ̀ díẹ̀," ni ìkíní wí. "Ó dára bẹ́ẹ̀," ni ìkejì wí, wọ́n sì wú. Mo bẹ́ jáde, ìdí ṣòkòtò mi nìkan ló há sí wọn lẹ́nu títí di òní.

Mo dúró sórí ewé, ihò nídìí ṣòkòtò, mo pariwo sí igbó: "Ẹfọ̀n mẹ́ta! Ọta kan!" Mo di alángbá. "Mo fi ọwọ́ lásán fa ẹkùn létí!" Mo di ewúrẹ́. Mo parọ́, mo parọ́, títí mo fi dé bí mo ṣe wà, mo wá fi ẹyọ kan lé e, ìdí nìyẹn tí mo fi ga ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí mo ń fọ́nnu, ẹ má ṣe já mi nírọ́. Ìlera mi ni mò ń tọ́jú.

Mo dé ilé lọ́jọ́ kẹfà, mo gbé olùkọ́ náà sí ẹnu ewé. Lọ́jọ́ keje, ọ̀dán wa tutù yọ̀yọ̀, òjìji rẹ̀ nípọn bí aṣọ òkè. Abúlé gbé mi sókè. Mo sọ fún wọn pé mo bá ọyẹ́ jà ni. Màmá fi imú fín orúnkún mi, ó ní, "Kèrègbè mi dà?" Mo ní igi ló mu ún tán, ó sì padà sí abẹ́ igi rẹ̀. Mo jókòó sórí fàráńdà mi, mo na ẹsẹ̀ mi tó tẹ̀, mo gbádùn fún odidi ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ gbì lórí fàráńdà. Àpótí ni.

"Màmá! Igi ti tutù o!"

"Ó tutù jù," ni ó wí, tó ń to òòyà. "Gbogbo ẹ̀gà ayé ti gbọ́ pé kò sí igi míràn tó léwé báyìí, wọ́n ti ya bò ó. Lánàá, wọ́n yàgbẹ́ sórí ìyàwó olóyè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ṣùkú rẹ̀. Ìwọ lo ṣe é, fàráńdà rẹ ni yóò gbà á. Sún ẹsẹ̀ rẹ."

Ibẹ̀ ló wà di òní, orí mẹ́rìnlá lójúmọ́. Bí orí tuntun kan bá ti jókòó, yóò pè mí, "Àna mi, epo ta ló gba igi là?" Ta ni yóò parọ́ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ níwájú èrò? N ó dọ̀bálẹ̀, n ó ní, "Epo yín ni, Màmá." Bí mo bá ti ń dìde, n ó rí i pé ṣòkòtò mi ti gùn sí i díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Àwẹ̀ró ìyàwó mi ti ká a lẹ́sẹ̀ fún mi lóṣù yìí. Ẹ̀yin ará, ó dára, mo ti parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà sílé mi lọ́jọ́ iwájú tí ẹ kò rí mi, ẹ má ṣe sọ pé mo lọ sígbó ọdẹ. Ẹ rọra wo abẹ́ àpótí onídìrí, kí ẹ má sì ṣe tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.